Ìtàn Katakata Kékeré, àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Wà Nínú Rẹ̀ fún Ìlú Wa

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ìtàn fẹ́ jáde nínú ìwé ọdọọdún ti ìlú, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń retí ni ìtàn oyè, ìtàn ogun, tàbí ìtàn bí àwọn baba ńlá wa ṣe tẹ̀dó. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láyè kí a sọ ìtàn irin. Irin tí à ń wí kì í ṣe idà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìbọn. Katakata kékeré ni, èyí tí a fi ń túlẹ̀ ọgbà, pẹ̀lú ìtàn àwọn ènìyàn tí ń jí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dìde lẹ́yìn tí ó ti dákẹ́ fún ogójì tàbí àádọ́ta ọdún.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi wá pé, kí ni èyí kàn wá sí, àwa tí ó jẹ́ pé ọkọ́ àti àdá ni a fi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo? Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wá lọ́nà méjì. Èkíní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ń gbé láàárín àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì lè kọ́ ọ bí wọ́n bá fẹ́. Èkejì, ó ṣòro láti rin ìrìn-àjò jìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ènìyàn má rí katakata kan tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ìjọba tàbí lẹ́bàá oko ńlá kan. Ẹni tí ń ra irin àlòkù ń wò ó, ó sì ń fi ojú wọn ìwúwo rẹ̀. Bí ó bá gbé e lọ, tí wọ́n sì yọ́ ọ nínú iná, irin nìkan kọ́ ni ó lọ. Apá kan ìtàn iṣẹ́ oko wa bá a lọ pẹ̀lú. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: kí ni ó mú kí ẹ̀rọ kan kú láàárín ọdún díẹ̀, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ṣe ní ọdún kan náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní?

BÍ KATAKATA KÉKERÉ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1892, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Froelich, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ tí ń jẹ bẹntiróòlù ka orí kẹ̀kẹ́ onírin, ó sì rí i pé ó lè lọ síwájú, ó sì lè padà sẹ́yìn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni àwọn olóko ńlá ń lò. Ó wúwo bí àpáta, owó rẹ̀ sì ga. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò ju éékà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kò ní ohun kan í bá a ṣe.

Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ro ti olóko kékeré ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Australia, Arthur Clifford Howard. Ní 1912, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó ń dán nǹkan wò ní oko bàbá rẹ̀ ní Gilgandra. Ó ṣàkíyèsí pé ohun ìtúlẹ̀ tí à ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀ a máa mú kí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ le. Ó wá rò ó pé, bí ó bá jẹ́ pé abẹ tí ń yí bíríbírí ni ó ń gé ilẹ̀, ilẹ̀ yóò rọ̀ láì jẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní 1922 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1938 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ rẹ̀ sì di ohun tí àwọn olùtọ́jú ọgbà mọ̀ káàkiri.

Ní West Virginia ní Amẹ́ríkà, ayafọ́tò kan tí ń jẹ́ Benjamin Gravely náà ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀yà ara alùpùpù ṣe ohun ìtúlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ènìyàn yóò máa rìn tẹ̀lé lẹ́yìn, tí yóò sì máa fi ọwọ́ méjèèjì darí bí ẹni ti ọmọlanke. Ní 1916 ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì yìí tí ìjọba rán níṣẹ́. Ohun tí ó ń dùn wọ́n lọ́kàn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Lẹ́yìn náà ni Harry Ferguson dé, ọmọ àgbẹ̀ láti àríwá ilẹ̀ Ireland. Katakata kékeré aláwọ̀ eérú tí ó ń jẹ́ TE20 bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ìlú Coventry ní 1946, nígbà tí wọ́n sì fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1956, wọ́n ti ṣe ju 500,000 lọ. Ọ̀nà tí Ferguson gbà so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata, pẹ̀lú apá mẹ́ta tí agbára epo ń gbé sókè tí ó sì ń gbé sílẹ̀, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn katakata ayé ń lò títí di òní. Ní oṣù kìíní ọdún 1958, Edmund Hillary, ẹni tí òun àti Tenzing Norgay kọ́kọ́ gun òkè Everest dé góńgó, wa irú katakata yìí la yìnyín kọjá dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Ilé iṣẹ́ Ferguson ti dàpọ̀ mọ́ ti Massey-Harris ní 1953, wọ́n sì wá ń jẹ́ Massey Ferguson, orúkọ tí ojú wa mọ̀ dáadáa lára àwọn katakata pupa ní Nàìjíríà.

Ní 1946 kan náà ni Elmer Pond bẹ̀rẹ̀ sí ṣe katakata fún àwọn onílé tí ó ní ọgbà, ní South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana. Àwọn yìí ni a wá mọ̀ sí Wheel Horse. Ní 1961, ilé iṣẹ́ ńlá International Harvester gbé tirẹ̀ jáde, ó sọ ọ́ ní Cub Cadet. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni katakata ọgbà. Wọn kò ga ju àyà ènìyàn lọ, ẹnìkan sì lè fi sípánnà díẹ̀ tú wọn palẹ̀ kí ó sì mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbòǹgbò ohun tí a fẹ́ sọ.

KATAKATA NÍ ILẸ̀ ADÚLÁWỌ̀

Ìtàn katakata ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ńlá ni ó bá wá, ọwọ́ ìjọba ni ó sì gbà wọlé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òróró ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1947, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbin ẹ̀pà ní Tanganyika, tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Éékà ilẹ̀ tí wọ́n pinnu láti gbìn ju mílíọ̀nù 3 lọ. Katakata tuntun kò sí ní ọjà nígbà náà, nítorí náà wọ́n ra àlòkù tí àwọn ọmọ ogun fi sílẹ̀, òmíràn láti Philippines lọ́hùn-ún. Wọ́n tilẹ̀ fi irin ọkọ̀ ogun Sherman ṣe katakata, wọ́n sì pè é ní Shervick. Àwọn tí yóò wà wọ́n kò tíì kọ́ṣẹ́ tó, ohun ìpààrọ̀ kò sí nítòsí, ilẹ̀ Kongwa sì le bí òkúta nígbà ẹ̀rùn. Kí ọdún 1947 tó parí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn katakata náà ti dákẹ́. Ní 1951 ìjọba pa iṣẹ́ náà tì, lẹ́yìn tí owó tí ó ju mílíọ̀nù 35 pọ́n-ùn lọ ti ṣòfò.

Ní Nàìjíríà tiwa, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Mokwa ní ilẹ̀ Nupe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tóbi tó ti Tanganyika. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1949, wọ́n sì pa á tì ní 1954. Níbẹ̀, katakata lè túlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá àgbẹ̀ ro oko. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ tú wá di púpọ̀ ju èyí tí ọwọ́ ènìyàn lè ro lọ, koríko sì borí ọ̀gbìn. Ẹ̀rọ yára ní ibì kan, ènìyàn sì wà ní ipò rẹ̀ àtijọ́ ní ibi kejì; oko kò lè lọ déédéé bẹ́ẹ̀.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí ọdún 1959 ń lọ sí òpin tí 1960 sì ń wọlé, ìjọba gbé ètò àgọ́ oko kalẹ̀. Olóyè Akin Deko ni mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, ilẹ̀ Israel sì ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti jáde ilé-ìwé jọ sí irú ibi bí Ìlọ́rà àti Àkùfọ̀, kí wọ́n lè fi ọ̀nà òde òní dáko kí wọ́n má baà sá lọ sí ìlú ńlá. Èrò náà dára. Ẹni tí ó bá bẹnu àtẹ́ lù ú kò ro ti àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò níṣẹ́ ní ìgbà náà. Ní ilẹ̀ Yewa wa níhìn-ín, orúkọ àgọ́ oko Ṣáwọ̀njo ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ṣùgbọ́n nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, katakata kì í ṣe ti ẹnìkan. Ìjọba ni ó ni ín. Ẹni tí ń wà á kì í ṣe ẹni tí ń tún un ṣe. Ẹni tí ń tún un ṣe kò sí lóko, ìlú ni ó ń gbé. Ohun ìpààrọ̀ sì ń bẹ ní òkè òkun. Bí nọ́ọ̀tì kan bá já, a ó kọ ìwé sí ọ̀gá, ọ̀gá yóò kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀, òjò yóò sì ti dá kí èsì tó dé. Katakata tí ó dúró ní ọdún kan kì í sábà tún dìde. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ bátìrì rẹ̀, wọ́n á yọ táyà, nígbà tí ó bá sì yá, ẹyẹ ni yóò tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ń JÍ ÒKÚ ẸRỌ DÌDE

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì rẹ̀. Àwọn katakata ọgbà tí a dárúkọ lókè, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí a ti dáwọ́ ṣíṣe wọn dúró. Kì í ṣe ìjọba ni ó ń tọ́jú wọn. Àwọn ènìyàn lásán ni: olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, awakọ̀, àgbẹ̀, àti ọmọ ilé-ìwé tí ó jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà. Wọ́n ń ṣe é bí ẹlòmíràn ti ń ta ayò: iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni. Ní 1965 ni a dá ẹgbẹ́ National Vintage Tractor and Engine Club sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1969 ni àpéjọ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Dorset, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Níbi irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní kábúrétọ̀ tí kò lò yóò pàdé ẹni tí ó ti ń wá a láti ọdún mẹ́ta.

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ó yẹ kí a sọ ọ́ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ yìí ní ọgbọ́n nínú.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọn kì í kánjú fa okùn ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, písítìn sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ara ihò tí ó wà, nítorí ìpáàrà. Ẹni tí ó bá fi òòlù lù ú yóò fọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á da dísù tàbí òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n á máa gbìyànjú díẹ̀díẹ̀ láti fi ọwọ́ yí i, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wá ohun mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù kò lè ṣe aláìní: iná, epo, àti ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́. Bí púlọ́ọ̀gì bá ń ta iná, bí epo bá ń dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, tí afẹ́fẹ́ tí písítìn ń fún pọ̀ kò sì ń jò, ẹ̀rọ náà yóò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan. Bí iná kò bá sí, wọ́n á fi ohun ìfágbọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ojú irin kékeré méjì tí ń pàdé ara wọn nínú ẹ̀rọ amúnáwá. Bí epo kò bá dé, wọ́n á tú kábúrétọ̀, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fọn àwọn ihò rẹ̀ tí kò tó ihò abẹ́rẹ́. Bí táǹkì epo bá ti ní ìpáàrà nínú, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú omi ọṣẹ, wọ́n á sì mì ín pọ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, wọ́n á wo ríìngì písítìn àti àwọn fáàfù, wọ́n á lọ àwọn fáàfù náà mọ́ ìjókòó wọn títí yóò fi ṣe wẹ́kú.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá tú ni wọ́n ń kọ orúkọ sí lára, wọ́n sì ń tò ó bí ó ti jáde, kí ó lè padà síbi tí ó ti wá. Bí wọ́n kò bá rí ohun ìpààrọ̀ rà, wọ́n á gbé èyí tí ó bàjẹ́ lọ fún ẹni tí ń fá irin, kí ó ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ń wá ìwé tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde ní ọdún tí a ṣe ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ń dà á kọ fún ara wọn.

Ìjà tilẹ̀ máa ń wà láàárín wọn lórí ọ̀dà. Àwọn kan ń fẹ́ kí a kun katakata náà kí ó máa dán bí ọjọ́ tí ó jáde. Àwọn mìíràn ní, rárá o, ẹ fi ọ̀dà àtijọ́ sílẹ̀, àpá ara rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó kun ún ti pa ìtàn náà rẹ́. A kò dá sí ìjà wọn, ṣùgbọ́n a kíyèsí i pé ẹni tí ń jà lórí ọ̀dà katakata ti ka katakata náà sí ohun tí ó níyì.

Ìtọ́jú ni ó sì ṣòro jù níbẹ̀; títún un ṣe rọrùn jù ú lọ. Wọn kì í fi bẹntiróòlù sílẹ̀ nínú kábúrétọ̀ bí a kò bá ní lo ẹ̀rọ fún oṣù púpọ̀, nítorí yóò dì. Wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní àsìkò, yálà ó dúdú tàbí kò dúdú. Wọ́n ń gbé e sábẹ́ òrùlé. Wọ́n sì ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ ń bàjẹ́ ju èyí tí ń ṣiṣẹ́ lọ.

ÀPẸẸRẸ NÍ ÌTÒSÍ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó lè ṣe èyí. Ní Freetown ní Sierra Leone, wọ́n pa ọkọ̀ ojú irin wọn tì ní 1974, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan fún ọgbọ̀n ọdún, títí ogun abẹ́lé fi dé tí ó sì lọ. Ní 2004, ọ̀gágun ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Steve Davies, ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀, rí wọn níbẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ ìlú náà tún wọn ṣe, ní 2005 wọ́n sì ṣí ilé náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti wá wò wọ́n. Lára ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ èrò tí wọ́n ṣe fún ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth ní 1961.

Ní Èkó, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898 fún ọ̀gá iṣẹ́ ojú irin, tí a ń pè ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ Legacy, tí a dá sílẹ̀ ní 1995, tún un ṣe, ó sì di ibi tí a ń kó àwọn ohun àtijọ́ ti ojú irin Nàìjíríà sí. Àwa tí ojú irin tí ó ti Ìfọ̀ gba Ìlarò lọ sí Ìdógò wà ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù wà ní ìkọjá ẹnu ibodè. Bí ènìyàn bá gba Ìdíìrókò kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, yóò rí oko ẹ̀kọ́ Songhaï, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, oko àti ilé ìrọ irin jọ wà nínú ọgbà kan. Ẹ̀rọ tí oko nílò, wọ́n ń ṣe lára rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó kọ́ bí a ti ń gbin nǹkan ń rí bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. A kò sọ pé ibẹ̀ kò ní ìṣòro tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò níláti kọ ìwé sí òkè òkun nítorí bóòtù kan.

Àpẹẹrẹ tí ó kẹ́yìn, ilé ni ó wà. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohùn ẹ́ńjìnnì Lister, tí ń rìn gbúù-gbúù-gbúù níbi tí a ti ń lọ àgbàdo tàbí tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí? Ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Nǹkan bí ọdún 1930 ni irú èyí tí ń rìn jẹ́jẹ́ náà jáde. Kò yí ju ìgbà 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè jẹ ara rẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí àpéjọ, wọ́n ń to ìjókòó yí i ká, wọ́n ń fi í ṣe ìran wò. Ní ilẹ̀ wa, àwọn onílọta ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà láti ìgbà tí a ti dáyé, láì sí ẹni tí ó yìn wọ́n. Onílọta ń mọ̀ láti inú ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀. Ó mọ fáàfù tí ó ń ṣe àìsàn. Kò ka ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ́n bí a ti ń mọ ọmọ ẹni.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ìdáhùn ìbéèrè wa ti dé nígbà náà. Ẹ̀rọ Tanganyika ní owó mílíọ̀nù lẹ́yìn, ó sì kú. Ẹ̀rọ onílọta kò ní nǹkan kan lẹ́yìn bí kò ṣe ènìyàn kan, ó sì ń bẹ láàyè. Ohun tí ń mú ẹ̀rọ pẹ́ ni kí ẹnìkan wà tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó wà nítòsí rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ débi pé ìtìjú yóò bá a bí ó bá dákẹ́. Níbi tí ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí, owó kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé omi àti ọ̀nà ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ ìlú máa rò, kì í ṣe ògbólógbòó irin. A gbà pé omi ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kànga ẹ̀rọ tí àwọn ìlú ń gbẹ́ káàkiri, tí wọ́n ń fi ìlù àti ijó ṣí, kí ni ó máa ń pa á? Ṣé omi ni ó tán nínú ilẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kékeré kan ni ó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ tí ń fa omi, tí kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti tún un ṣe. Arùn tí ó pa katakata àgọ́ oko náà ni ó ń pa kànga, òun náà ni ó ń pa jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn. Ìlú tí ó bá kọ́ bí a ti ń mú katakata kan wà láàyè ti kọ́ bí a ti ń mú gbogbo ìyókù wà láàyè.

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́rin fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a ka àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ tí ó wà ní Ajílété àti ní àwọn abúlé wa: katakata, ẹ́ńjìnnì ìlọta, ẹ̀rọ ìfúntí epo, ìbáà dákẹ́, ìbáà ń ṣiṣẹ́. Kí a kọ orúkọ tí ó wà lára irin rẹ̀ sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó ń lò ó. Èkejì, kí a lọ bá àwọn àgbà tí ó ti wà á tàbí tí ó ti tún un ṣe, kí a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan, ọjọ́ sì ń lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú wọn, èyí tí ó kéré jù, kí a gbé e sábẹ́ òrùlé ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé wa. Kí mẹkáníìkì àgbà kan àti àwọn ọmọ mélòó kan máa tú u, kí wọ́n máa nù ún, kí wọ́n máa tò ó padà, títí yóò fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n máa mú un ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́, ọ́ìlì tí a pààrọ̀, àti orúkọ ọmọ tí ó pààrọ̀ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ilé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó tilẹ̀ wúlò ju ẹ̀rọ tuntun lọ ni ríìngì písítìn, gásíkẹ̀ẹ̀tì, sípánnà dáadáa, àti ìwé ìtọ́ni. Ẹ lọ sí àwọn àpéjọ ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ dúró ti àwọn bàbá arúgbó tí ó jókòó ti katakata wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Bí a ti gbọ́, kò sí ohun tí ó dùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí kí a bi í léèrè.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń yọ́ irin láti inú òkúta kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ọkọ́ tí wọ́n bá rọ, bí ó bá jẹ títí tí ó kúrú, ẹni tí ó rọ ọ́ náà ni yóò tún fi irin kún ẹnu rẹ̀. A kò jẹ́ kí ọkọ́ kú nígbà náà, nítorí a mọ ẹni tí ó bí i. Bí katakata àti kànga àti jẹnẹrétọ̀ bá fẹ́ pẹ́ ní ìlú wa, kí àwọn náà ní ẹni tí a mọ̀ tí ó ni wọ́n. Iṣẹ́ náà kò ju agbára wa lọ, àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀yà. Kí Ajílété ó máa gbèrú. Àṣẹ.